Hsp70 dé: bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ ní láàbù Èkó tí iná kì í dúró

Tíúbù náà kò ju ìka ọmọdé lọ. Bí ẹ bá gbé e sókè wò, ẹ lè rò pé òfìfo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa: nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lè wà níbẹ̀, bí ìgbà tí omi iyọ̀ bá gbẹ mọ́ abọ́. Nígbà mìíràn, ojú kò tilẹ̀ ní rí nǹkan kan. 50 máíkírógíráàmù purotéènì ni. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà gbà ju owó oṣù mi lọ nígbà tí mo ṣírò owó ìkẹ́rù mọ́ ọn, mo sì ba ìdajì rẹ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹ̀yin àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ láàbù ní Yábàá, ní Àkọkà, ní Ìdí-Àràbà àti ní apá Ìsàlẹ̀ Èkó, kí owó yín má baà gba ibi tí tèmi gbà.

Hsp70 ni orúkọ rẹ̀. Ẹ lè rí HSPA1A lára ìwé tó bá a wá. Purotéènì èèyàn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara èèyàn ni wọ́n ti fà á yọ. Àbùdá tó ń darí rẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n fi sínú bakitéríà E. coli, bakitéríà náà wá ń ṣe é bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Amino acid 641 ló so kọ́ra nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 70 kílódáltọ̀n. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà inú orúkọ rẹ̀ ti wá. Nínú ara wa, iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń bá wa di etí gèlè mú nígbà tí ẹlòmíràn ń wé e. Purotéènì tí kò tíì ká bó ṣe yẹ kò yàtọ̀ sí gèlè tó ṣì wà ní títẹ́, aṣọ lásán ni. Bí ooru bá mú sẹ́ẹ̀lì, àwọn purotéènì inú rẹ̀ a máa tú, wọ́n a máa lẹ̀ mọ́ ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì a wá sáré ṣe Hsp70 ní ọ̀pọ̀, kí ó lè bá a di àwọn yòókù mú.

Àṣìṣe ooru ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ferruccio Ritossa, ará Ítálì, ń wo krómósómù eṣinṣin èso nígbà tí ẹnì kan gbé ooru inkubétọ̀ rẹ̀ sókè láìsọ fún un, ló bá rí i pé àwọn ibì kan lára krómósómù náà ti wú. Ọdún 1962 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó di 1974 kí àwọn mìíràn tó rí àwọn purotéènì tó ń tìdí rẹ̀ wá. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń gba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ooru yìí, bí ẹ bá yọ òun nìkan kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, tí ẹ fi sínú tíúbù, ooru lè pa òun náà. Èkó sì rèé, ooru wà, iná kò sí.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ bi olùtà léèrè bóyá gbígbẹ ni tàbí olómi. Èyí tí wọ́n dì, tí wọ́n sì fa omi ara rẹ̀ jáde títí ó fi gbẹ ni kí ẹ rà, bí ẹ bá lè rí i. Ó máa ń fara da ìrìn àjò. Bí ẹrù bá sun ọjọ́ kan tàbí méjì ní pápákọ̀ òfuurufú, ìrètí ṣì wà. Ti olómi ní láti wà lórí yìnyín gbígbẹ láti ọ̀dọ̀ olùtà títí dé ẹnu fírísà yín, èmi kò sì mọ ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò rí bẹ́ẹ̀ láti Ìkẹjà dé Yábàá.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n bu BSA mọ́ ọn. BSA ni purotéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù tí wọ́n máa ń fi sí i kí purotéènì díẹ̀ tó wà nínú tíúbù má baà lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Kò burú fún àwọn iṣẹ́ kan. Àmọ́ ìwọ̀n BSA jẹ́ nǹkan bíi 66 kílódáltọ̀n, ti Hsp70 sì jẹ́ 70. Lórí gẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ohun dídì bí ẹ̀kọ tí iná máa ń fa purotéènì gbà kọjá kí a lè fi ìwọ̀n yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n máa dúró ti ara wọn bí ìbejì, ẹ kò ní mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé gẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wá bá mi tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí Hsp70 mi ṣe nípọn tó." Mo gba ìwé tó bá tíúbù wá, mo kà á. Màlúù ló ń yọ̀ lé lórí. Bí ẹ bá máa wọn ìwọ̀n purotéènì, tàbí tí ẹ máa sá a lórí gẹ́ẹ̀lì, ẹ ra èyí tí kò ní BSA.

Ẹ tún wo iye endotoxin, ìdọ̀tí tó ti ara bakitéríà wá, tí wọ́n kọ sí i. Màá padà sórí rẹ̀ níwájú. Ẹ rí i dájú pé ẹ mọ̀ pé fún ìwádìí nìkan ni. Kì í ṣe oògùn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gún un sára, ohun yòówù kí ó ti kà níbikíbi.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù: ẹ ní kí olùtà fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Ẹrù tó bá gúnlẹ̀ sí Ìkẹjà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí yóò sùn títí di ọjọ́ Ajé kejì.

Ọjọ́ tí ẹrù bá dé

Ẹ jẹ́ kí ìwé yín ti pé kí ọkọ̀ òfuurufú tó balẹ̀: ìwé ọjà, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ yín pé ìwádìí ni ẹ fẹ́ fi ṣe, àti ìwé tó sọ pé nǹkan náà kò léwu. Ìwé kan ṣoṣo tó bá kù ló máa sọ wákàtí méjì di ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ má ṣe jókòó sí láàbù máa retí aṣojú. Aṣojú tó gba tèmi nígbà kan gbé àpótí náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó gba ibòmíràn lọ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ mi ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ó ń bẹ̀ mí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo ki ọwọ́ bọ inú àpótí náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀kọ ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mò ń lọ, pẹ̀lú kúlà, àti àpò yìnyín tí mo ti dì sínú fírísà láti alẹ́ àná.

Bí yìnyín gbígbẹ bá wà nínú ẹrù yín, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ìwọ̀n 78 sísàlẹ̀ òdo àti díẹ̀ ni ó wà, ó máa jó yín. Kì í yọ́ sí omi, afẹ́fẹ́ carbon dioxide ló máa ń dà. Nítorí náà, ẹ má ṣe dé kúlà náà pa, kí ó má baà bú gbàmù. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ lórí Third Mainland, ẹ ṣí gíláàsì sílẹ̀, kódà bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ yẹn máa ń gba ipò èyí tí èèyàn ń mí, kò sì ní òórùn tó máa ta yín lólobó.

Ọjọ́ tí ẹ máa tú u

Èyí ni ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ ní ìpàdé, ẹ má sì ṣe é nígbà tí ebi ń pa yín.

Ẹ yọ tíúbù náà kúrò nínú fírísà, ẹ gbé e sórí tábìlì láìṣí i, bíi ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ṣí i nígbà tó ṣì tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó yìí máa wọlé, ó máa sẹ̀ sára purotéènì gbígbẹ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sínú centrifuge, ẹ jẹ́ kó yí bíríbírí fún ìṣẹ́jú kan kí gbogbo lúbúlúbú tó wà lára ìdérí lè bọ́ sísàlẹ̀. Èmi kò ṣe èyí ní ìgbà àkọ́kọ́. Mo ṣí ìdérí, mo rí ègé funfun kan tó fò bí ìyẹ́ adìẹ, ó bá atẹ́gùn fáànù lọ. N kò mọ iye tó lọ. Gbogbo ìṣírò tí mo ṣe lẹ́yìn náà, irọ́ ni.

Ó yá, ẹ pa fáànù.

Ohun tí ẹ máa fi tú u wà lára ìwé tó bá a wá, ẹ gba ti ìwé náà gbọ́ ju tèmi lọ. Bí ìwé bá sọ pé omi tí kò ní kòkòrò, omi náà ni. Bí ó bá fi yín sílẹ̀ kí ẹ yan èyí tó wù yín, HEPES tàbí Tris (àwọn ohun tí kì í jẹ́ kí kíkan omi yí padà) tí pH rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 7.5 ni èmi máa ń lò, pẹ̀lú potassium chloride àti magnesium chloride díẹ̀, nítorí pé Hsp70 kò lè ṣiṣẹ́ láìsí magnesium. Nítorí èyí náà, ẹ má fi EDTA sí i. Ńṣe ni EDTA máa ń kó magnesium sápò. Ẹ̀yin tí PBS (omi iyọ̀ tí ọ̀pọ̀ láàbù fi ń tú nǹkan) ti mọ́ lára, ẹ dúró ná, mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú PBS tí màá rò fún yín láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. 50 máíkírógíráàmù ni ẹ ní. Bí ẹ bá fi 100 máíkírólítà tú u, ó máa jẹ́ 0.5 mílígíráàmù nínú mílílítà kan, tí í ṣe nǹkan bíi 7 micromolar. Ìwọ̀n tó dára nìyẹn. Purotéènì tó bá ti fẹ́lẹ́ jù máa ń lẹ̀ mọ́ ike, kó tó di pé ẹ lò ó ó ti tán.

Ẹ fi pipette da omi náà sí ẹ̀gbẹ́ tíúbù, kí ó máa ṣàn lọ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé e lé vortex, ẹ̀rọ tó ń gbọn tíúbù. Ẹ má gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń po ògì. Bí ẹ bá rí ìfófòó, purotéènì tó ti tú ló wà lójú ìfófòó náà, kò sì ní padà ká mọ́. Ẹ dì í mú lọ́wọ́, ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ẹ wá gbé e sínú yìnyín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá ṣì rí ohun tó ń léfòó nínú rẹ̀, ẹ ní sùúrù kún un. Ẹ má fi ooru ràn án lọ́wọ́.

Ìgbà tó bá ti tú tán, tíúbù ńlá náà kò gbọ́dọ̀ padà sínú fírísà bẹ́ẹ̀. Ẹ pín in. Tíúbù kéékèèké tí kì í jẹ́ kí purotéènì lẹ̀ mọ́ ọn ni kí ẹ lò, ẹ bu 10 máíkírólítà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí mẹ́sàn-án, ìkẹwàá kì í sábà pé, nítorí pé ẹnu pipette àti ògiri tíúbù náà máa jẹ tiwọn. Máíkírógíráàmù márùn-ún ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn. Èyí tí ẹ bá mú jáde lónìí, ẹ lò ó lónìí, ẹ da ìyókù nù. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín. Ìgbàkígbà tí purotéènì bá dì tó tún yọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń tú, ó sì máa ń dì mọ́ra bí wàrà tó bàjẹ́. Ìdajì tí mo sọ pé mo bà jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà yìí ló gbà lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń mú tíúbù kan ṣoṣo jáde, tí mò ń dá a padà.

Ẹ fi bíírò tí òtútù kì í pa rẹ́ kọ orúkọ, ìwọ̀n, nọ́ńbà ìpele (lot) tó wà lára páálí, àti ọjọ́. Ẹ má fi téèpù lẹ̀ ẹ́, téèpù máa ń bọ́ nínú fírísà.

Ọ̀rọ̀ iná

Ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo ni ibùgbé rẹ̀. Ní ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Níbí, ẹ ní láti máa ronú nípa NEPA, nípa dísù inú jẹnẹrétọ̀, àti nípa ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀ náà ní aago méjì òru ọjọ́ Àìkú.

Ẹ má jẹ́ kí fírísà ṣófo. Ẹ po omi mọ́ iyọ̀ sínú ìgò oníke, ẹ má kún un dé ẹnu, ẹ kó wọn sí gbogbo àyè tó ṣófo. Fírísà tó kún máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí i rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni "kàn yára yẹ̀ ẹ́ wò". Mo ti lẹ ìwé mọ́ ara tiwa: ẸNI TÓ BÁ ṢÍ I NÍGBÀ TÍ KÒ SÍ INÁ, ÒUN NI YÓÒ RA ÒMÍRÀN. Ó ṣiṣẹ́ ju ìkìlọ̀ ọ̀gá wa lọ.

Ẹ ṣe ohun tí mo ń pè ní ẹlẹ́rìí. Ẹ bu omi sínú ife kékeré kan, ẹ jẹ́ kó dì gbagidi, ẹ gbé owó kọ́bọ̀ lé e lórí, ẹ dá a padà. Kọ́bọ̀ àtijọ́ ìyá mi àgbà ló wà nínú tiwa. Bí ẹ bá dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí kọ́bọ̀ náà ti rì sínú yìnyín, omi náà ti yọ́ ó ti tún dì, ohun yòówù kí ẹ̀rọ tó wà lára ilẹ̀kùn máa sọ. Àmọ́ bí kọ́bọ̀ bá ṣì wà lókè, ẹ má tíì jó: ó kàn ń sọ fún yín pé fírísà kò kọjá òdo ni. Ó lè ti gòkè dé 10 sísàlẹ̀ òdo kí ó tó padà, kọ́bọ̀ kò ní mọ̀.

Nítorí èyí ni mo fi máa ń ya tíúbù méjì sọ́tọ̀ fún glycerol. Ẹ po purotéènì àti glycerol tí kò ní kòkòrò ní ìdọ́gba, ẹ gbé e sínú fírísà tó wà ní 20 sísàlẹ̀ òdo. Kò ní dì. Ẹ lè máa bù díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń dì tó ń yọ́, ìnfátà kékeré sì lè gbé irú fírísà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ẹ rántí pé 0.5 ti di 0.25 báyìí. Glycerol ki bí oyin, nítorí náà ẹ fi pipette fà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì nu ìta ẹnu rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún fírísà ilé tí kì í jẹ́ kí yìnyín hù: ńṣe ló máa ń mú ara rẹ̀ gbóná látìgbàdégbà kí yìnyín lè yọ́. Ó dára fún ẹja.

Ṣé òun náà ni, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́?

Ẹ sá máíkírógíráàmù kan lórí gẹ́ẹ̀lì SDS tó jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi aró Coomassie kùn ún. Ìlà kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́, ní nǹkan bíi 70, tàbí òkè rẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n bá so histidine mẹ́fà mọ́ ọn. Ìlà tó bá wà ní nǹkan bíi 44 ń bani lẹ́rù, torí ìwọ̀n apá tó ń jẹ ATP (ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára ṣiṣẹ́) nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti gé purotéènì yín sí méjì. Fún ìwọ̀n, ìdánwò aláwọ̀ Bradford ti tó, ẹ kà á ní 595 nanómítà.

Ìlà tó mọ́ kò sọ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Òkú pàápàá ní ìwọ̀n. Hsp70 máa ń gé ATP, phosphate a sì jáde. Aró malachite green máa di àwọ̀ ewé bí ó bá pàdé phosphate náà. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú PBS rèé: phosphate ni P inú orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fi PBS tú purotéènì yín, gbogbo ihò inú àwo máa di àwọ̀ ewé, èyí tó ní purotéènì àtèyí tí kò ní. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń yọ̀ sí i. Ọṣẹ ìfọṣọ mìíràn náà ní phosphate, nítorí náà ike tuntun ni kí ẹ lò, ẹ má lo gíláàsì tí wọ́n fọ̀ láàárọ̀.

Ẹ tún ṣàkíyèsí pé ATP tí ẹ bá fi omi lásán tú máa ń kan. Ẹ fi sodium hydroxide díẹ̀ tún pH rẹ̀ ṣe sí 7 kí ẹ tó lò ó. Hsp70 nìkan kì í yára. Kò ní gé tó ATP kan ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fún un ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ní ìwọ̀n 37. Bí ẹ bá ní Hsp40, purotéènì olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi sí i, òun ló máa ń ta á jí. Ẹ má gbàgbé ihò tí kò ní purotéènì, èyí tí kò ní ATP, àti èyí tí purotéènì rẹ̀ ti hó. Bí èyí tó hó àti èyí tí kò hó bá rí bákan náà, ẹ kò tíì wọn nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ dà á sórí sẹ́ẹ̀lì

Ibí ni mo ní kí ẹ rántí endotoxin. E. coli ló ṣe purotéènì yìí, ara bakitéríà náà sì ní nǹkan kan tó máa ń dẹ́rù ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn nínú ara wa, kódà bó kéré gan-an. Fún ọdún mélòó kan, àwọn onímọ̀ ń kọ ọ́ pé Hsp70 ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì macrophage, ọ̀kan lára àwọn ajagun ara náà, tú TNF-alpha, àmì ìjà, jáde. Ní 2003, Gao àti Tsan fi hàn pé endotoxin tó bá purotéènì náà wọlé ló ń ṣe é. Hsp70 tí wọ́n fọ̀ mọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ pín tiyín sí méjì, ẹ jẹ́ kí apá kan hó. Ooru máa ń pa purotéènì, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa endotoxin. Bí èyí tó hó bá ṣì ń mú sẹ́ẹ̀lì bínú bíi ti tẹ́lẹ̀, kì í ṣe Hsp70 ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi polymyxin B, oògùn tó máa ń di endotoxin mú, ṣe òmíràn: bí ariwo bá dákẹ́, endotoxin ni. Bí olùyẹ̀wò iṣẹ́ yín bá béèrè ohun kan ṣoṣo, èyí ló máa béèrè.

Nínú tíúbù mẹ́sàn-án yẹn, ẹ ya ọ̀kan sọ́tọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ "Má lò ó" sára rẹ̀. Bí ẹ bá ra òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, tí nọ́ńbà ìpele rẹ̀ yàtọ̀, ẹ gbé méjèèjì sórí gẹ́ẹ̀lì kan náà, ti àtijọ́ lósì, tuntun lọ́tùn-ún, kí ẹ tó fi tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan.